Ogun Àgbọ́tẹ́lẹ̀ àti Ẹni Tó Mọ̀ọ́mọ̀ Lọ Pàdé Rẹ̀

  Ní àsìkò àwẹ̀ ogójì ọjọ́ yìí, tí púpọ̀ nínú wa ń pè ní Karẹ́mù, ọ̀rọ̀ kan wà tí àwa ọmọ ìyá kan náà ti ń gbé yẹ̀ wò láàárín ara wa, a sì rò pé ó yẹ kí a gbé e síwájú yín. Ẹni tí kì í ṣe onígbàgbọ́ náà lè bá wa gbọ́ ọ, nítorí ọ̀rọ̀ ikú àti ọ̀rọ̀ àsọtẹ́lẹ̀ kò yọ ilé ẹnì kan sílẹ̀.

Àwọn àgbà wa ní ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. Arọ kò lẹ́sẹ̀ tí yóò fi sáré, ṣùgbọ́n bí ó bá ti gbọ́ pé ogun ń bọ̀, yóò ti wọ́ ara rẹ̀ dé inú igbó kí ọ̀tá tó wọ̀lú. Àwa tí ogun Dàhòmì tú Kétu wa ká ní 1886, a mọ ohun tí òwe yẹn ń sọ. Lójú tiwa, ìdí tí a fi ń sọ nǹkan tẹ́lẹ̀ ni pé kí ẹni tó gbọ́ lè yẹra. Ẹni tó lọ dá Ifá, tí Ifá rí ikú, kì í padà sílé lọ tẹ́ ẹní kó máa dúró dè é. Yóò béèrè ohun tí òun yóò fi rúbọ kí ikú lè yẹ̀. Ẹni tó lọ sọ́dọ̀ wòlíì náà, àdúrà tí yóò yí ọ̀rọ̀ padà ló ń wá.

Ìdí nìyí tí ìwé Ìyìn Rere fi ń rú wa lójú níbì kan. Jésù mọ̀. Kì í ṣe pé ẹnì kan lọ bá a wò ó. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́, kò sì sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan. Nígbà tó sọ ọ́ tán, ọ̀nà ibẹ̀ gan-an ló kọjú sí.

Ẹ jẹ́ ká wo bí Máàkù ṣe tò ó. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Jésù sọ ọ́ lójú ọ̀nà: ní orí 8, ní orí 9 àti ní orí 10. Àkọ́kọ́ wáyé ní agbègbè Kesaréà Fílípì, lápá àríwá, níbi tó jìnnà sí Jerúsálẹ́mù. Pétérù ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ́wọ́ pé òun ni Kristi náà ni. Inú ń dùn, ara ń yá. Ibẹ̀ ló ti là á fún wọn pé dandan ni kí òun jìyà púpọ̀, kí àwọn àgbààgbà àti àwọn olórí àlùfáà kọ òun, kí wọ́n pa òun, kí òun sì jíǹde lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta. Nígbà kejì, wọ́n ń la Gálílì kọjá, kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀. Máàkù ní ọ̀rọ̀ náà kò yé àwọn ọmọ ẹ̀yìn, ẹ̀rù sì ń bà wọ́n láti bi í. Nígbà kẹta, wọ́n ti ń gòkè lọ sí Jerúsálẹ́mù. Jésù ń lọ níwájú, àwọn tó ń tẹ̀ lé e ń bẹ̀rù. Lọ́tẹ̀ yìí ó ka gbogbo rẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ: bí wọn yóò ṣe fà á lé àwọn kèfèrí lọ́wọ́, bí wọn yóò ṣe fi í ṣẹ̀sín, itọ́ tí wọn yóò tu sí i lára, ẹgba, ikú, àti àjíǹde.

Ẹ wá wo ohun tí àwọn tó gbọ́ ọ ṣe. Nígbà àkọ́kọ́, Pétérù fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó bá a wí. Nígbà kejì, iyàn ni wọ́n ń jà lójú ọ̀nà lórí ta ló ga jù láàárín wọn. Nígbà kẹta, Jákọ́bù àti Jòhánù, àwọn ọmọ Sébédè, wá tọrọ ìjókòó apá ọ̀tún àti apá òsì lọ́wọ́ rẹ̀. Ó dà bí ìgbà tí bàbá ń sọ ọ̀rọ̀ ikú rẹ̀ nínú yàrá, tí àwọn ọmọ ń pín oko ní ọ̀ọ̀dẹ̀.

Àwa kì í fi ọwọ́ líle mú Pétérù. Ohun tó ṣe, ẹnikẹ́ni nínú wa ìbá ṣe é. Ta ni yóò gbọ́ kí ẹni tó fẹ́ràn máa sọ pé wọ́n máa pa òun, tí kò ní dáhùn? Èdè wa ti ní ìdáhùn náà létè: Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́, a ò ní í rí i, ẹ̀yìn rẹ̀ la ó máa rí. Síbẹ̀ Jésù bá a wí gidigidi, ó tiẹ̀ pè é ní Sátánì. Ó le o. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá rántí aṣálẹ̀, níbi tí Èṣù ti fi gbogbo ìjọba ayé han Jésù tó ní òun yóò fún un bí ó bá lè forí balẹ̀ fún òun, á mọ̀ pé ọ̀rọ̀ Pétérù jọ ti ọjọ́ yẹn: kí èèyàn di ọba láìjẹ ìyà kankan.

Ọ̀rọ̀ tó le jù nínú gbogbo rẹ̀ ni dandan yẹn. Bí ó bá jẹ́ dandan, báwo la ṣe tún lè sọ pé ó fínnúfíndọ̀ ṣe é? Àgbò tí wọ́n so mọ́ ìdí igi lọ́jọ́ ọdún, dandan ni ikú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó máa sọ pé ó fi ara rẹ̀ sílẹ̀. Lójú tiwa, dandan méjì ló wà: dandan okùn àti dandan ìfẹ́. Bí ọmọ bá jìn sí kànga, dandan ni kí ìyá rẹ̀ wá ọ̀nà wọ inú kànga náà. Kò sí okùn lọ́rùn rẹ̀, kò sí ọlọ́pàá lẹ́yìn rẹ̀, síbẹ̀ kò lè ṣe kó má wọ̀ ọ́. Irú dandan kejì yìí la rí nínú Ìyìn Rere. Nínú Jòhánù orí 10, Jésù ṣàlàyé pé kò sí ẹni tó gba ẹ̀mí òun lọ́wọ́ òun, òun ló ń fi í lélẹ̀, òun sì ní àṣẹ láti tún gbà á padà. Nínú Mátíù orí 26, nígbà tí wọ́n wá mú un, tí ẹnì kan yọ idà, ó ní kí ó dá a padà sínú àkọ̀, nítorí bí òun bá fẹ́, Baba òun lè rán àwọn áńgẹ́lì tó ju ọ̀wọ́ ogun 12 lọ wá gba òun sílẹ̀. Ọ̀nà àsálà ṣí sílẹ̀ gbayawu. Òun ni kò gba ibẹ̀.

Kì í ṣe ẹ̀kọ́ Bíbélì lásán ló mú wa wọnú ọ̀rọ̀ yìí. Ọ̀rọ̀ ìyá wa ni.

Epo pupa ni ìyá wa ń tà láti ìgbà tí a ti gbọ́njú. Ọmọ mẹ́rin ni wọ́n bí. Lọ́dún tó kọjá, àbúrò wa ọkùnrin tó jẹ́ àbígbẹ̀yìn wọn dùbúlẹ̀ àìsàn. Ojú rẹ̀ wú, ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, àwọn dókítà sì ní kíndìnrín rẹ̀ ni. Owó ń lọ, ara kò yá. Bí ìdààmú bá pọ̀ lórí èèyàn, kò sí ilẹ̀kùn tí kò ní kàn. Ìyá wa lọ sọ́dọ̀ wòlíì kan. A kò ní dárúkọ rẹ̀, a kò sì ní dárúkọ ìjọ rẹ̀. Wòlíì náà sọ fún wọn pé òun rí ikú tó dúró sí ẹnu ọ̀nà ilé wa, pé kò ní lọ lọ́wọ́ òfo, ẹnì kan ni yóò mú. Ó ní bí ìyá bá gbà láti lọ, ọmọ yóò yè. Ó ní kí wọ́n má sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó sì fi kún un pé kí wọ́n rántí Jésù pàápàá, pé wọ́n ti sọ tirẹ̀ tẹ́lẹ̀, kò sì sá.

Ẹ̀jẹ̀ ríru ń bá ìyá wa jà. Ó ti tó ọdún mẹ́jọ tí wọ́n ti ń lo oògùn rẹ̀ láràárọ̀. Nígbà tí wọ́n dé láti ọ̀dọ̀ wòlíì náà, wọn kò sọ nǹkan kan fún wa. Oògùn ni wọ́n kàn dá dúró. Wọ́n dì í sínú ọ̀rá, wọ́n gbé e sẹ́yìn àpótí aṣọ. Aṣọ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pín ló ta wá lólobó: ìró tí wọ́n rà lọ́jọ́ ìgbéyàwó ẹ̀gbọ́n wa, gèlè tí wọn kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ń pín fún àwọn aya ilé. Nígbà tí a pé jọ tí a bi wọ́n, wọ́n ní: "Ẹ má bá mi jiyàn. Ohun tí wọ́n ti sọ, wọ́n ti sọ ọ́. Bí ó bá jẹ́ pé èmi ni mo máa lọ kí àbúrò yín lè dìde, ṣé ẹ ó ní kí n kọ̀ ni? Kò sẹ́ni tó fipá mú mi. Èmi ni mo gbà."

A kò lè fi ọ̀rọ̀ yẹn ṣe yẹ̀yẹ́. Ìfẹ́ ló wà nínú rẹ̀. Jésù fúnra rẹ̀ kọ́ni pé kò sí ìfẹ́ tó ju kí èèyàn fi ẹ̀mí rẹ̀ lélẹ̀ nítorí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ. Ìyá wa kò sì ṣẹ̀ṣẹ̀ máa fi ẹ̀mí wọn lélẹ̀ fún wa. Ilẹ̀ tí bàbá wọn fún wọn ni wọ́n tà kí àkọ́bí wa lè parí ilé ìwé. Àìmọye ọdún ni wọ́n fi sun orí ẹní lẹ́gbẹ̀ẹ́ àgbá epo kí olè má baà gbé e. Bí a bá kàn sọ pé, "Ìyá, ọ̀rọ̀ asán ni ẹ ń sọ," wọn yóò wò wá bí ọmọ tí kò mọ ohun tí ìyá ń jẹ́. Wọ́n tiẹ̀ ti sọ ọ́ jáde lẹ́nu: "Ẹ̀yin ni Pétérù tèmi."

Ìyẹn ló jẹ́ ká gbé ìwé náà jáde. Bí ó bá jẹ́ Jésù ni wọ́n fẹ́ tẹ̀ lé, ẹ jẹ́ ká lọ wo bí Jésù ṣe rìn ín. Ní alaalẹ́, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti ọjà dé, ẹnì kan nínú wa á máa kà, àwọn yòókù á máa gbọ́. Àwọn á jókòó sórí àpótí wọn, wọn á tú gèlè sílẹ̀, wọn á na ẹsẹ̀. A kò yára. Ìwé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin la kà.

Ohun àkọ́kọ́ tí a rí ni pé Jésù kò wá ikú kiri. Nínú Lúùkù orí 4, nígbà tí àwọn ará Nasarẹ́tì tì í dé etí òkè láti jù ú sísàlẹ̀, ó la àárín wọn kọjá, ó bá tirẹ̀ lọ. Jòhánù ní ìgbà kan wà tí kò fẹ́ rìn ní Jùdíà, tó dúró sí Gálílì, nítorí wọ́n ń wá ọ̀nà àti pa á. Wọ́n ṣa òkúta láti sọ lù ú nínú tẹ́ńpìlì, ó yọ́ kúrò níbẹ̀. Wọ́n fẹ́ mú un, ó bọ́ lọ́wọ́ wọn, ó kọjá sí òdìkejì Jọ́dánì. Lẹ́yìn tó jí Lásárù dìde, tí àwọn aláṣẹ pinnu láti pa á, ó lọ sí ìlú kan tó ń jẹ́ Ẹ́fúráímù, nítòsí aṣálẹ̀, ó dúró síbẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀.

"Ó sá?" ni ìyá wa béèrè.

"Ó yẹra ni, Màmá," ni ẹ̀gbọ́n wa dáhùn. "Àkókò rẹ̀ kò tíì tó."

A tún padà sí aṣálẹ̀, sí ibi tí Èṣù gbé e dé ṣóńṣó orí tẹ́ńpìlì tó ní kó bẹ́ sílẹ̀, pé àwọn áńgẹ́lì yóò gbá a mú. Jésù kọ̀. Ó ní a kì í dán Ọlọ́run wò. Ìyá wa dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, wọ́n wá ní: "Oògùn tí mo gbé sẹ́yìn àpótí yẹn ńkọ́? Ṣé orí tẹ́ńpìlì lẹ ń pè é ni?" A kò dá wọn lóhùn. A ṣí ojú ewé mìíràn.

Ohun kejì ni ọgbà Gẹtisémánì. Ẹni tó ti sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta pé òun máa kú, nígbà tó kù dẹ̀dẹ̀, ó dojú bolẹ̀, ó ń bẹ Baba rẹ̀ pé bí ó bá ṣeé ṣe, kí ago náà ré òun kọjá. Ẹ̀ẹ̀mẹta náà ló lọ gbàdúrà yẹn. Lúùkù ní òógùn rẹ̀ ń kán bí ẹ̀jẹ̀. Ẹ̀yìn ẹ̀bẹ̀ yẹn ló tó fi ìfẹ́ Baba ṣáájú ìfẹ́ ara rẹ̀. Ẹni tó bá ní fífi ara ẹni rúbọ ni kí èèyàn má bẹ̀rù, kó má sọkún, kó má bẹ̀bẹ̀, kò ka ibẹ̀ yé. Bẹ́ẹ̀ ni kò fi ọ̀rọ̀ náà pamọ́. Ó mú Pétérù, Jákọ́bù àti Jòhánù dání, ó sọ fún wọn pé ọkàn òun bàjẹ́ dójú ikú, ó ní kí wọ́n bá òun ṣọ́nà. Wòlíì ti ìyá wa ní kí wọ́n má sọ fún ẹnikẹ́ni. Jésù sọ fún àwọn tirẹ̀, ó tún sọ fún wọn, ó sì bẹ̀ wọ́n kí wọ́n má fi òun sílẹ̀ lóun nìkan.

Ohun kẹta ló wọ̀ wá lára jù. Nínú gbogbo ìwé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, a wá ẹni tó sọ fún àwọn èèyàn pé ó sàn kí ẹnì kan kú kí àwọn yòókù lè yè. A rí i nínú Jòhánù orí 11. Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ Lásárù, ìgbìmọ̀ jókòó, ẹ̀rù ń bà wọ́n pé àwọn ará Róòmù yóò wá gba ilẹ̀ àti orílẹ̀-èdè wọn. Ẹni tó dìde sọ ọ̀rọ̀ náà ni Káyáfà, tó jẹ́ olórí àlùfáà lọ́dún náà. Jòhánù ṣàlàyé pé kò sọ ọ́ láti inú ara rẹ̀, àsọtẹ́lẹ̀ ló ń sọ, nítorí Jésù yóò kú fún orílẹ̀-èdè náà lóòótọ́. Ṣùgbọ́n láti ẹnu Káyáfà, ète ìpànìyàn ni. Kò ná an ní kọ́bọ̀. Ìjókòó rẹ̀ kò mì.

Ẹ wá gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ orí 18 ìwé kan náà. Òru ni. Àwọn ọmọ ogun dé pẹ̀lú fìtílà àti ohun ìjà. Jésù jáde lọ pàdé wọn, ó bi wọ́n ta ni wọ́n ń wá. Wọ́n dárúkọ rẹ̀. Ó ní òun nìyí, bí ó bá jẹ́ òun ni wọ́n ń wá, kí wọ́n jẹ́ kí àwọn tó wà lọ́dọ̀ òun máa lọ. Ọ̀rọ̀ méjèèjì jọra: kí ẹnì kan kú, kí àwọn yòókù lọ. Ṣùgbọ́n Káyáfà na ìka sí ẹlòmíràn, Jésù na ìka sí ara rẹ̀. Ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Ẹbọ tí èèyàn fi ara rẹ̀ rú yàtọ̀ sí ẹbọ tí wọ́n fi èèyàn rú, bí ẹnu wọn tilẹ̀ sọ ohun kan náà.

Ìyá wa ní kí a tún ibẹ̀ kà. A tún un kà. Wọ́n dìde, wọ́n wọlé lọ sùn, wọn kò sọ nǹkan kan. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, a rí ọ̀rá oògùn lórí tábìlì, omi nínú ife lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Wọ́n ní: "Mi ò sọ pé ẹ̀yin lẹ jàre o. Bí Ọlọ́run bá ní kí n lọ nítorí ọmọ mi, n ó lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó ní kí n kú yẹn, kí ni òun fi lélẹ̀? 40.000 sẹ́fà mi ló gbà." Lẹ́yìn náà wọ́n gbé igbá epo, wọ́n lọ sọ́jà, nítorí owó ìtọ́jú àbúrò wa kò tíì pé. Ó ṣì ń gba ìtọ́jú títí di òní. A kò lè sọ pé ìṣòro ti tán. Àmọ́ ìyá wa wà láàyè, wọ́n sì ń fi ẹ̀mí yẹn náà sìn ín lójoojúmọ́.

Ẹ̀yin ará, ìdí tí a fi ń sọ èyí ni pé ọ̀rọ̀ náà ju ilé wa lọ. Mélòó nínú àwọn obìnrin wa ni ọkọ ń nà, tí wọ́n lọ fẹjọ́ sùn, tí wọ́n sọ fún wọn pé àgbélébùú wọn ni kí wọ́n gbé e? Mélòó nínú àwọn ọmọ tí a fi sọ́dọ̀ ẹlòmíràn ní Kútọnù àti Àjàṣẹ́ ni wọ́n ń sọ fún pé bí Ọlọ́run ṣe kọ tiwọn nìyẹn? Nínú Lúùkù orí 9, Jésù sọ ọ̀rọ̀ gbígbé àgbélébùú, gẹ́rẹ́ tó sọ ti ikú tirẹ̀ tán. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ ló bá sọ̀rọ̀, àgbélébùú ti olúwarẹ̀ ló sì ní kó gbé. Kò sí ibì kan tó ti rán ẹnikẹ́ni láti lọ gbé e lé ẹlòmíràn léjìká. Àwọn tí a rí pé wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ nínú Ìyìn Rere ni àwọn ọmọ ogun Róòmù. Wọ́n rí Símónì ará Kírénè, ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà lápá òkè lọ́hùn-ún, tó ń ti ìgbèríko bọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ rẹ̀, wọ́n fipá gbé igi náà lé e. Ẹni tó bá ń gbé àgbélébùú lé ẹlòmíràn lórí, kó mọ ẹ̀gbẹ́ tí òun dúró sí lọ́jọ́ náà.

Pé wọ́n ti sọ nǹkan tẹ́lẹ̀ kò sì wẹ ọwọ́ ẹni tó ṣe é. Lórí tábìlì oúnjẹ alẹ́ ìkẹyìn, Jésù sọ pé òun ń lọ gẹ́gẹ́ bí a ti kọ ọ́, síbẹ̀ ó káàánú ẹni tó máa fi òun hàn, ó ní ìbá sàn fún un kí wọ́n má bí i. Ohun tí a kọ ṣẹ, Júdásì náà sì jẹ̀bi. Kí ọkọ tó ń na ìyàwó rẹ̀ má fi àyànmọ́ ìyàwó bojú.

Ó ku ohun kan, òun ló sì ń tù wá nínú jù. Ẹ padà sí ìgbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí Máàkù tò. Kò sí èyí tó parí sí ikú. Ọjọ́ kẹta wà nínú gbogbo rẹ̀. Àwọn ọmọ ẹ̀yìn gbọ́ ikú, etí wọn kò gba ìyókù. Nígbà tó sọ fún Pétérù pé yóò sẹ́ òun kí àkùkọ tó kọ, Lúùkù jẹ́ ká mọ̀ pé ó ti gbàdúrà fún un ṣáájú, ó sì ti gbé iṣẹ́ lé e lọ́wọ́: bí ó bá padà, kó fún àwọn arákùnrin rẹ̀ lókun. Nínú Jòhánù orí 14, ó sọ ìdí tí òun fi ń sọ nǹkan tẹ́lẹ̀: kí wọ́n lè gbàgbọ́ nígbà tó bá ṣẹ. Àsọtẹ́lẹ̀ tirẹ̀ kì í ti èèyàn sínú kòtò kó fi í síbẹ̀. Àdúrà wà níwájú rẹ̀, àárọ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀.

Àwọn méjì tó ń lọ sí Èmáúsì, tí ọ̀kan nínú wọn ń jẹ́ Kléópà, kò mọ èyí. Wọ́n ń rìn pẹ̀lú ìbànújẹ́, wọ́n ń sọ̀rọ̀ ìrètí wọn bí ohun tó ti kọjá. Àjèjì kan bá wọn rìn, ó bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ Mósè àti gbogbo wòlíì, ó ṣàlàyé ìdí tó fi yẹ kí Kristi jìyà kó tó wọ inú ògo. Ọ̀pọ̀ Kristẹni gbà pé ọ̀rọ̀ ìránṣẹ́ tó ń jìyà nínú Àìsáyà orí 53 àti igbe tó wà nínú Sáàmù 22 jẹ́ ara ohun tí à ń kà sí irú àlàyé bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, ìgbà tó bu àkàrà fún wọn nínú ilé ni ojú wọn tó là. Lálẹ́ ọjọ́ náà ni wọ́n dìde, wọ́n padà sí Jerúsálẹ́mù, ìlú tí wọ́n ti ń sá fún.

Nítorí náà, òwe àwọn bàbá wa kò ṣe òdì sí Ìyìn Rere bí a ti kọ́kọ́ rò. Ogun tí Jésù gbọ́ tẹ́lẹ̀ kò gbá a mú lójijì. Ó yẹra fún un nígbà tó yẹ kó yẹra, ó sunkún lórí rẹ̀, ó sọ ọ́ fún àwọn tirẹ̀, ó sì dúró dè é nígbà tó jẹ́ pé bí òun bá sá, àwọn tó wà lẹ́yìn òun ni yóò bá. Òun ló yàn án, kò sí ẹni tó yàn án fún un.

Bí ẹnikẹ́ni bá wá sọ fún ọ pé òun rí ikú rẹ, pé Ọlọ́run ló ní kí o gbà bẹ́ẹ̀, bi í léèrè: Kí ni ìwọ fi lélẹ̀? Ta ló sọ pé kí n má sọ fún àwọn ará ilé mi? Ọjọ́ kẹta dà nínú ọ̀rọ̀ rẹ? Bí kò bá rí ìdáhùn, kí o dìde, kí o lo oògùn rẹ, kí o sì máa bá iṣẹ́ rẹ lọ.

Ní ọjọ́ Ẹtì Rere tó ń bọ̀, a ó tún rí àgbélébùú igi tí wọ́n ń gbé la ìgboro kọjá ní ọ̀pọ̀ ìlú wa. Bí ó bá dé iwájú ilé yín, ẹ wo ẹni tó gbé e. Kí Ọlọ́run jẹ́ ká mọ èyí tó jẹ́ tiwa, kó má sì jẹ́ ká gbé tiwa lé ẹlẹ́gbẹ́ wa lórí. A ó rí àárọ̀ ọjọ́ kẹta o. Ẹ kú ojú lọ́nà Àjíǹde.